Kí la ó kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì?

Ìbéèrè: "Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí, àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mò ń kọ́. Lọ́dọọdún, bí ìwé ṣe tò ó ni mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ìtumọ̀ sáyẹ́ǹsì, lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀ márùn-ún tí ìwádìí ń gbà. Wọ́n á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, wọ́n á sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n lẹ́yìn náà pé kí ló jẹ́ kí wọ́n gbà pé ohun kan rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ìwé ló wí bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé: bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ń yí ọ̀rọ̀ wọn padà ṣáá, kí la fẹ́ gbà wọ́n gbọ́ fún? Ẹ̀rín ni mo fi bò ó, torí mi ò ní èsì. Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ọmọ tó bi yín ní ìbéèrè yẹn ti wọ inú sáyẹ́ǹsì ju àwọn tó há ìtumọ̀ rẹ̀ sórí lọ. Mo máa dé orí ìbéèrè rẹ̀ tó bá yá. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ àkọ́kọ́ ná.

Lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí ẹ má sì kọ ìtumọ̀ kankan sójú pátákó. Ìtumọ̀ inú ìwé kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí èrò tó dá a lójú ṣáká kò tíì já sí òfo rí níṣojú rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ìtumọ̀ ṣe? Ohun tí mo máa fẹ́ kí wọ́n mú kúrò ní kíláàsì lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ọkàn èèyàn rọrùn láti tàn jẹ, àti pé onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń tàn án jẹ. Ọgbọ́n tí aráyé ti dá, díẹ̀díẹ̀, láti fi gba ara wọn lọ́wọ́ ẹ̀tàn yẹn ni sáyẹ́ǹsì. Ìṣirò, ìwọ̀n, láàbù àti gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe.

Eré kan wà tó ń fi í hàn láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kò sì gbà ju ṣọ́ọ̀kì àti pátákó lọ. Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní ìlú London, ló gbé e jáde ní ọdún 1960. Ẹ kọ 2, 4, 6 sójú pátákó. Ẹ sọ fún wọn pé òfin kan wà lọ́kàn yín tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá mu, àwọn ni kí wọ́n wá òfin náà rí. Kí wọ́n máa mú nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta tiwọn wá. Ẹ̀yin á máa dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́", kò sí àlàyé. Ẹni tó bá dá lójú pé òun ti mọ òfin náà ni kó nawọ́ sókè kó sọ ọ́.

Bó ṣe máa ń lọ kì í sábà yàtọ̀. Ẹnì kan á ní 8, 10, 12. Bẹ́ẹ̀ ni. Òmíràn á ní 20, 22, 24. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kẹta á fi 100, 102, 104 lé e. Bẹ́ẹ̀ ni. Kíláàsì á ti máa hó: "A ti mọ̀ ọ́n! Méjì méjì lẹ fi ń lé e!" Ẹ ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kẹ́kẹ́ á pa. Òfin tó wà lọ́kàn yín kò ju pé kí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan tóbi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. 1, 2, 3 bá a mu. 5, 17, 900 bá a mu. Kò sẹ́ni tó mú irú wọn wá, torí "bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo wọn ń wá kiri.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé nọ́ńbà wo ló yẹ kí wọ́n ti mú wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn rí i pé 8, 10, 12 kò kọ́ wọn ní nǹkan kan: bí èrò wọn bá tọ̀nà, "bẹ́ẹ̀ ni" ló máa jẹ́, bí kò bá sì tọ̀nà, "bẹ́ẹ̀ ni" náà ló jẹ́. Ẹni tó bá mú 2, 4, 5 wá ti gbé èrò ara rẹ̀ síbi tó ti lè ṣubú, ìdáhùn èyíkéyìí tó bá sì gbà á wúlò fún un. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ èrò tiwa, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa máa ń dá, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ sọ ìbéèrè kan di ti kíláàsì yín: "Kí lo máa rí tí wàá fi gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀?" Ẹ máa bi wọ́n, kí ẹ sì fún wọn láyè láti bi ẹ̀yin náà. Apá kejì yìí kì í dùn mọ́ olùkọ́ nínú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, àwọn ọmọ á ti mọ̀ pé eré lásán lẹ̀ ń bá wọn ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gbé nǹkan tí wọ́n máa fọwọ́ kàn jáde. Nínú gbogbo àyẹ̀wò tí ọmọ kékeré lè ṣe, okùn tó ń fì ni mo yàn láàyò. Ẹ so nǹkan kékeré tó wúwo mọ́ ìdí okùn, ẹ gbé orí okùn náà kọ́ ibi tí kò ní mì, ẹ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí oníkálukú kọ èsì ìbéèrè yìí sílẹ̀: tí a bá fi nǹkan tó wúwo tó méjì rẹ̀ rọ́pò èyí tó wà nídìí okùn, ṣé á máa yára sí i ni, àbí á falẹ̀, àbí kò ní yàtọ̀? Ẹ má ṣe fo kíkọ sílẹ̀ yìí. Ọmọ tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ á sọ lẹ́yìn náà pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa.

Ọ̀pọ̀ wọn á ní èyí tó wúwo ló máa yára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí okùn bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 100, àlọ àti àbọ̀ mẹ́wàá máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 20, ìbáà jẹ́ irin ló wà nídìí rẹ̀ tàbí òkúta. Ẹ dín okùn kù sí sẹ̀ǹtímítà 25, mẹ́wàá á gbà tó 10. Ọ̀fìn kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ń jìn sí o. Orí okùn títí dé àárín ohun tó wà nídìí rẹ̀ la fi ń mọ gígùn yìí. Tí àwọn ọmọ bá so ìwúwo kejì sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, àárín náà á sún wálẹ̀, okùn á ti gùn sí i láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, àkókò á yí padà, wọ́n á sì kọ ọ́ pé ìwúwo ló fà á. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sáré tún un ṣe fún wọn. Ẹ ní kí wọ́n lọ wò ó dáadáa kí wọ́n wá sọ ohun tó yí padà láàárín àyẹ̀wò kìíní àti èkejì. Nígbà tí wọ́n bá rí i pé nǹkan méjì ló yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò tún sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ nípa ìdí tí a fi ń yí ẹyọ kan ṣoṣo padà tí a sì ń fi ìyókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà á tún rí i pé ẹgbẹ́ kan ní 19.7, ẹgbẹ́ kejì 20.4, ẹ̀kẹta 20.1. Wọ́n á bi yín pé èwo ló tọ̀nà. Ẹnì kan á ti máa fi ìrésà pa tirẹ̀ rẹ́ ní kọ̀rọ̀ kó lè bá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu, ìyẹn ni kí ẹ kọ̀ jálẹ̀ fún un. Gbogbo nọ́ńbà náà ni kó lọ sójú pátákó. Ọwọ́ tó ń tẹ aago kì í ṣe déédéé, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka àlọ-àbọ̀ mẹ́wàá dípò ẹyọ kan: àṣìṣe ọwọ́ á pín sọ́nà mẹ́wàá. Kò sí ìwọ̀n tí kò ní àṣìṣe tirẹ̀. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni pé kó sọ bí tirẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi wọ́n pé mélòó ni kí okùn gùn tí mẹ́wàá á fi gba ìṣẹ́jú àáyá 30. Láti 25 dé 100, 75 ló fi lé. Ọ̀pọ̀ á tún fi 75 lé e, wọ́n á ní 175. Ọ̀kan tàbí méjì á ṣàkíyèsí pé ìlọ́po mẹ́rin gígùn ló fún wọn ní ìlọ́po méjì àkókò, torí náà ìlọ́po mẹ́ta àkókò á gba ìlọ́po mẹ́sàn-án gígùn, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 225. Ẹ wá ibi gíga gbé e kọ́, kí wọ́n kà á. Wọ́n ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí rí, ó sì ṣẹ níṣojú wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, "ìwé ló wí bẹ́ẹ̀" kì í rọrùn lẹ́nu wọn mọ́.

Ní ti ìgbésẹ̀ márùn-ún inú ìwé, ó dára fún títo ìròyìn àyẹ̀wò, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé báyẹn ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an. Ẹni tó ń wo ìràwọ̀ kò lè gbé ìràwọ̀ wọ láàbù. Ẹni tó ń wádìí bí òkè ṣe hù kò lè ní kó tún hù kóun wò ó. Síbẹ̀ àwọn náà ń dán àbá wọn wò. Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù lórí èyí ni ti Urbain Le Verrier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, torí ó ní apá méjì, àwọn ìwé ọmọdé kì í sì í sọ ju apá kan lọ.

Ní ọdún 1781, William Herschel rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibi tí ìṣirò bá ní kí Uranus wà kọ́ ni wọ́n ń bá a. Àwọn kan rò pé bóyá òfin òòfà tí Newton gbé kalẹ̀, èyí tó ń sọ bí oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fa ara wọn, kò ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Le Verrier ní òfin náà kò ṣẹ̀, pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ ló ń fa Uranus. Ó ṣírò ibi tó yẹ kí ó wà, ó kọ̀wé sí Johann Galle ní Berlin, ó ní kó yí ẹ̀rọ awòràwọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1846, Galle rí i, kò jìnnà tó dígírì kan sí ibi tí ìṣirò wí. Neptune nìyẹn. John Couch Adams ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń ṣe irú ìṣirò yìí lọ́tọ̀, wọ́n sì jà díẹ̀ lórí ẹni tó ni iyì rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àwọn ìwé ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin ẹ máa bọ̀. Ní ọdún 1859, Le Verrier tún kéde pé ọ̀nà tí Mercury ń gbà yí oòrùn ká yẹ̀ díẹ̀ sí ti ìṣirò. Ìyàtọ̀ náà kéré débi pé tí a bá pín dígírì kan sọ́nà 84, bí ọ̀kan nínú rẹ̀ ló máa ń jẹ́ láàárín 100 ọdún. Ó lo ọgbọ́n tó lò tẹ́lẹ̀: pílánẹ́ẹ̀tì kan ló fara pa mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn. Wọ́n tiẹ̀ fún un lórúkọ, Vulcan. Àwọn kan búra pé àwọn rí i. Wọ́n wá a fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n wá a nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, kò sí níbẹ̀. Ọdún 1915 ni Einstein gbé tíọ́rì tuntun jáde lórí òòfà, ìyàtọ̀ kékeré ti Mercury sì jáde látinú ìṣirò rẹ̀ láìfi pílánẹ́ẹ̀tì kankan kún un. Lọ́tẹ̀ yìí, òfin Newton ló nílò àtúnṣe.

Ẹ bi àwọn ọmọ pé: ọkùnrin kan náà, ọgbọ́n kan náà, ó tọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, ó kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ta ni ì bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ èyí tó máa já sí òótọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Níbẹ̀ náà lẹ ti lè tún nǹkan kan ṣe tí ìwé ti bàjẹ́: tí ìwé yín bá sọ pé tíọ́rì tó bá ti dàgbà á di òfin, ẹ fa ìlà pa á. Òfin Boyle, tó ti wà láti ọdún 1662, ń sọ bí afẹ́fẹ́ tí a há mọ́ ṣe ń ṣe tí a bá fún un pọ̀. Tíọ́rì tó ní ẹyọ kéékèèké tó ń sáré kiri ni afẹ́fẹ́ ń sọ ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe, ọ̀kan kì í ṣe ọmọ èkejì.

Èèyàn lè ṣọ́ra títí kó ṣì tan ara rẹ̀ jẹ, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí fi nílò ojú ẹlòmíràn. Ní ọdún 1903, René Blondlot, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ní ìlú Nancy nílẹ̀ Faransé, kéde pé òun ti rí ìtànṣán tuntun kan. Ó sọ ọ́ ní ìtànṣán N. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ mìíràn ní àwọn náà rí i. Lọ́dún 1904, Robert Wood láti Amẹ́ríkà lọ wò ó. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò náà, Wood sì rọra yọ ohun onígun mẹ́ta tí ìtànṣán náà gbọ́dọ̀ gbà kọjá kúrò nínú ẹ̀rọ. Wọ́n ṣì ń ka nọ́ńbà wọn lọ bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Blondlot kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tó ń retí láti rí ló ń rí. Ní kíláàsì, ẹ ní kí ẹgbẹ́ kan tún àyẹ̀wò ẹgbẹ́ mìíràn ṣe látinú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìkan, láìbéèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ wọn. Ariwo á pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ ìròyìn tí wọ́n máa kọ lẹ́yìn rẹ̀ á kún dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó wá ku ìbéèrè ọmọ yẹn. Ẹ sọ fún un pé òótọ́ ló sọ, wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ jọ wo ohun tó ń mú wọn yí i, àti bí ìyípadà náà ṣe tóbi tó. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé ayé rí roboto. Newton wá ní kò lè rí roboto délẹ̀, pé yíyí tó ń yí á mú kí agbedeméjì rẹ̀ wú díẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó rí bẹ́ẹ̀. Láti àárín ayé dé ojú ilẹ̀ ní agbedeméjì jẹ́ kìlómítà 6,378, sí ìkángun àríwá tàbí gúúsù jẹ́ 6,357. Kìlómítà 21 péré ni àtúnṣe náà lórí ohun tó lé ní 6,000. Ìṣirò Newton fúnra rẹ̀, lẹ́yìn Einstein, ṣì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídarí ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn.

Ìgbà míì, ìyípadà náà máa ń tóbi. Àwọn dókítà gbà tẹ́lẹ̀ pé àníyàn àti omi kíkan inú ikùn ló ń fa ọgbẹ́ inú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Robin Warren àti Barry Marshall ní ìlú Perth, Ọsirélíà, ní bakitéríà ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọn ò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall gbé bakitéríà náà mu, awọ inú ikùn rẹ̀ sì wú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má parí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni Marshall, kò sì ní ọgbẹ́ inú lọ́jọ́ náà, awọ inú ikùn tó wú lásán ni. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni pé nígbà tí wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn tó ń pa bakitéríà, tí wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí kò gbà á, ọgbẹ́ àwọn tó gbà á kì í sábà padà wá. Ẹ̀bùn Nobel dé ní ọdún 2005. Ẹ̀rí ló yí wọn lọ́kàn padà, kódà nígbà tí kò wù wọ́n.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ọmọ náà máa wò ni ọjọ́ orí ọ̀rọ̀ náà àti iye ọwọ́ tó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn gbé jáde lánàá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe, lè yí padà lọ́la, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí àwọn tó ń wá ọ̀nà láti já a ti ń gbógun tì láti ìhà púpọ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún tí kò sì já, ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan á bi yín bóyá sáyẹ́ǹsì mọ gbogbo nǹkan. Rárá. Ó lè sọ bóyá oògùn kan ṣiṣẹ́ àti nínú ẹni mélòó nínú ọgọ́rùn-ún. Tí oògùn náà kò bá tó kárí, kò lè sọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ gbà á. Bí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ bá jáde, ẹ má sọ ọ́ di ìjà. Ẹ padà sí ìbéèrè kíláàsì yín: ṣé ohun kan wà tí a lè rí tó máa fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀? Bí kò bá sí, ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò wa, kò sì túmọ̀ sí pé irọ́ ni.

Mo mọ̀ pé ìdánwò ń bọ̀, wọ́n á sì bèèrè ìtumọ̀ àti ìgbésẹ̀ márùn-ún. Ẹ fi wọ́n sí ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọn ò ní gbà yín ju wákàtí kan lọ nígbà náà. Nínú ìdánwò tí ẹ̀yin fúnra yín bá ṣe, ẹ fi ìbéèrè bí irú èyí sí i: "Ẹnì kan ní tí a bá ń kọrin sí ewéko, á yára dàgbà. Ó kọrin sí ọ̀kan, ó sì yára dàgbà. Kí ló kù kó ṣe?" Ọmọ tó bá kọ pé irọ́ ni, kó gbà díẹ̀. Èyí tó bá ní kí ó wá ewéko mìíràn tó jẹ́ irú kan náà, nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà, pẹ̀lú omi kan náà, kó má kọrin sí i, kí wọ́n sì pọ̀ díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kó gbà púpọ̀. Tó bá tún fi kún un pé kí ẹni tó ń wọ̀n wọ́n má mọ èyí tí wọ́n kọrin sí, ẹ fún un ní gbogbo máàkì, kódà bó bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé lójú tòun, orin náà ń ṣiṣẹ́.